Orúkọ Ọmọńlé Tenerife Tí Mo Fi Ojú Ara Mi Wá Rí

Yúrò 50 ni mo san fún ọkùnrin tó ń mú àlejò rìn lálẹ́ ní Tenerife, erékùṣù Sípéènì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Áfíríkà, tó ní òun á fi ẹranko hàn wá, òun á sì sọ orúkọ wọn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ọmọńlé kan lára ògiri òkúta, ó ní Tarentola mauritanica ni. Mo ní ṣé ti etí òkun Mẹditaréníà kọ́ nìyẹn? Ó ní ọmọńlé ni ọmọńlé ń jẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Áàpù orí fóònù mi tó ń fi fọ́tò dá ẹranko mọ̀ náà gbè é lẹ́yìn. Inú mi ò dùn rárá.

Kì í ṣe owó nìkan ló ń dùn mí. Òkè ayọnáyèéfín ló hu Tenerife jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, kò fìgbà kan lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Ẹranko tó bá ti sọdá omi débẹ̀ á dá wà títí á fi di ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Tarentola delalandii ni onílé ní Tenerife àti La Palma, erékùṣù ìtòsí rẹ̀. Duméril àti Bibron, onímọ̀ ẹranko ará Faransé, ti fún un lórúkọ láti 1836. Tarentola mauritanica (T. mauritanica ní kúkúrú) wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn ló gbé e wọlé. Bá a bá ń fi orúkọ àlejò pe onílé, ọjọ́ tí àlejò bá gba ilé, ta ló máa mọ̀?

Mo wá fẹ́ fi fọ́tò mọ èwo ni. Fọ́tò ẹ̀yìn ọmọńlé ò ṣòro. Abẹ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ti rí màbo. Hemidactylus turcicus, ọmọńlé àlejò mìíràn, tún wà ní Tenerife. Gbogbo ìka ẹsẹ̀ tìyẹn ló ní èékánná, àwọn ìlà pẹlẹbẹ tó fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri sì pín sí méjì. Ti Tarentola kì í pín, ìka kẹta àti ìkẹrin nìkan lèékánná sì máa ń hàn lára wọn. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ rí ìyẹn nígbà tó bá lẹ̀ mọ́ òkúta? Ẹ má sọ pé kí n mú un: òfin Yúróòpù dáàbò bò ó, ó sì lè já ìrù rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá dì í mú.

Dígí fèrèsé ibi tí mo wọ̀ sí ni mo yíjú sí, torí bó bá gun dígí níta, màá rí abẹ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ láti inú. Mo tan iná yàrá sílẹ̀, àfòpiná ń ṣù bo dígí níta, ọmọńlé sì ń jáde wá jẹun. Ṣùgbọ́n orí igi fèrèsé ló máa dúró sí, á sáré gbé àfòpiná kan, á padà. Nígbà tó tiẹ̀ wá gun dígí, ojú tèmi ni kámẹ́rà ń yà, tàbí eruku. Fílàṣì sọ gbogbo rẹ̀ di funfun báláú. Ó sú mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orúkọ tí wọ́n fún mi.

Ohun tó tú u ni pé mo pa iná yàrá gbàrà tó gun dígí, mo gbé tọ́ọ̀ṣì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ dígí kí ìmọ́lẹ̀ má bàa kọjú sí kámẹ́rà, mo sì fọwọ́ ara mi yí lẹ́ńsì títí ìka fi mọ́lẹ̀ kedere. Ìlà lẹ́sẹẹsẹ, odindi, kò sí èyí tó pín. Èékánná méjì péré lẹ́sẹ̀ kan. Mo pariwo!

Ìyókù ò gba àkókò. Kókó ẹ̀yìn T. mauritanica máa ń yọ ṣóṣóró bí ẹ̀gún. Ti eléyìí rọlẹ̀. T. delalandii ni. Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹni tó gbowó mi, kò dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kọ orúkọ erékùṣù sára fọ́tò lójú ẹsẹ̀, torí bẹ́ ẹ bá kúrò ní Tenerife, onílé ti yí padà: T. boettgeri ní Gran Canaria, T. angustimentalis ní Lanzarote àti Fuerteventura, T. gomerensis ní La Gomera, èyí tí wọn ò fún lórúkọ tirẹ̀ títí di 1983. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í ní èwo ló wà ní erékùṣù tó ń mú yín rìn.