Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń pààrọ̀ sítíárìn àti ọ̀pá rẹ̀ nínú MGB, Spitfire àti Austin-Healey

MGB, Spitfire àti Austin-Healey jẹ́ ọkọ̀ eré àtijọ́ ilẹ̀ Bìrìtéènì. Orúkọ ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tó wà láàárín sítíárìn àti ọ̀pá rẹ̀. "Ẹ bá mi mú ti MGB," ó parí. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dè é ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé eyín rẹ̀ kò bá ti orí ọ̀pá mu. Láti 1962 títí di 1980 ni wọ́n fi ṣe MGB ní Abingdon, ọ̀pá sítíárìn rẹ̀ kò sì rí bákan náà jálẹ̀. Ti ìbẹ̀rẹ̀ le gbọnrangandan. Nígbà tó yá ni wọ́n gbé èyí tó ń wọnú ara rẹ̀ jáde, kí ó má baà gún awakọ̀ láyà bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Họ́ọ̀bù ti ọ̀kan kì í wọ èkejì.

Ẹ yọ sítíárìn àtijọ́ kí ẹ tó rajà. Ẹ ka eyín orí ọ̀pá, ẹ fi kálípà (irinṣẹ́ ìwọ̀n) wọn ìbú rẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ṣaasí, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọkọ̀, bá ontajà sọ̀rọ̀. Ihò bóòtù náà tún lọ́rọ̀ tirẹ̀. Bóòtù mẹ́fà ni MOMO, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe sítíárìn, ń lò lórí àyíká tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 70 mm. Mẹ́fà náà ni ti Nardi, àmọ́ 74 mm ni ìbú àyíká tirẹ̀. Mẹ́sàn-án ló wọ́pọ̀ lára Moto-Lita. Láàárín 70 àti 74, mm 2 péré ni ihò kọ̀ọ̀kan fi yẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé fáìlì tí wọ́n ń fẹ ihò lójú. Ẹ má dán an wò. Bóòtù tó wà nínú ihò tí a ti fẹ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni, títí yóò fi tú.

Hámà ló ń ba nǹkan jẹ́ jù nínú iṣẹ́ yìí. Sítíárìn tó ti wà lórí eyín kan náà fún ogójì ọdún kì í fẹ́ kúrò, ó sì máa ń wu èèyàn láti fún orí ọ̀pá ní ẹ̀ṣẹ́ hámà méjì. Nínú ọ̀pá tó ń wọnú ara rẹ̀, píìnì oníke kéékèèké ló so irin òkè mọ́ tìsàlẹ̀. Ọjọ́ ìjàǹbá ni wọ́n ṣe wọ́n kí wọ́n já, wọn kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìjàǹbá àti hámà. Bí wọ́n bá ti já, sítíárìn á máa lọ sókè sódò ní ọwọ́ yín. Ẹ má ronú àtúnṣe; ọ̀pá mìíràn ló kù. Púlà ni kí ẹ lò, èyí tí ẹnu rẹ̀ ń ti orí ọ̀pá tí apá rẹ̀ sì ń fa họ́ọ̀bù, kí agbára náà má baà dé ara píìnì. Ẹ ti fi epo tó ń wọ ìpẹtà sí i láti alẹ́ àná.

Nọ́ọ̀tì àárín ńkọ́? Ẹ tú u títí tí orí rẹ̀ fi bá ẹnu ọ̀pá dọ́gba, kí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó yọ ọ́ tán kí ó tó máa fa sítíárìn, imú rẹ̀ ni sítíárìn ń bọ̀ wá bá.

Kí ohunkóhun tó kúrò, ẹ dojú táyà iwájú kọ ọ̀kánkán, kí ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan láti orí ọ̀pá bọ́ sórí họ́ọ̀bù. Bí ẹ bá ti yọ ọ̀pá kúrò lára ráàkì (irin eléyín tó ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì) láìsàmì, ẹ ka iye ìyípo láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì (ti ọ̀pọ̀ MGB fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 3), kí ẹ padà sí ìdajì rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fojú díwọ̀n á ní ọkọ̀ tó ń kọ́ sápá òsì dáadáa tí kò fẹ́ kọ́ sápá ọ̀tún, tíráfíkétọ̀ (iná tó ń fi hàn pé ọkọ̀ fẹ́ kọ́) rẹ̀ á sì máa kú kí ó tó kọ́ tán.

Níbi tí ọ̀pá ti pàdé ráàkì, bóòtù kan wà tó gba inú jọ́ìntì kọjá. Kò gba àárín irin kọjá o: ó gba inú kòtò kékeré tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ irin náà. Bí irin kò bá wọlé tó, kòtò kò ní bá ihò ṣe déédéé, bóòtù á sì kọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń gbá a wọlé, tàbí kí wọ́n wá èyí tó tínrín. Bóòtù tó tínrín á wọlé wẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dá irin náà dúró mọ́ kí ó má yọ. Ẹ yọ ọ́, ẹ ti ọ̀pá wọlé sí i, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ tún dán an wò. Bóòtù tó bá fi ìka lásán wọlé ló wà ní ààyè rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tuntun ni kí ẹ fi dè é.

Lára MGB, ẹ má tíì fún bóòtù tó gbé ọ̀pá mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀pá àti ráàkì gbọ́dọ̀ dojú kọra ní àárín jọ́ìntì. Bí wọ́n bá yẹ̀, sítíárìn á máa le níbì kan á sì máa rọ̀ níbòmíràn ní gbogbo ìyípo. Ẹ dì í díẹ̀, ẹ yí i, ẹ tún dì í. Bí ó bá ṣì ń há, abẹ́ ráàkì ni kí ẹ wò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣíìmù pẹlẹbẹ, ìyẹn irin tínrín tó ń dí àlàfo, sí. Ọ̀pọ̀ máa ń dà wọ́n nù nígbà tí wọ́n bá ń fọ férémù.

Spitfire ní ohun tirẹ̀. A lè fa ọ̀pá rẹ̀ gùn tàbí kí a tì í kúrú, dídì tó mú un sì ní bóòtù, ó tún ní síkúrù Allen kan tó ń tẹ ibi pẹlẹbẹ ara irin, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó ń tì í pa. Àwọn tó gbàgbé síkúrù yìí pọ̀. Wáyà ẹ́ẹ̀tì kékeré kan, èyí tó ń dá iná padà sára ọkọ̀, tún wà lórí jọ́ìntì onírọ́bà. Bí kò bá sí níbẹ̀, hóònù kò ní dún, wọ́n á sì máa tú bọ́tìnì hóònù láìnídìí.

Ní ti Austin-Healey, páìpù tínrín tó gbé wáyà hóònù àti tíráfíkétọ̀ gba inú àpótí sítíárìn kọjá, nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tó dì í mú náà ló ń dá epo àpótí dúró. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ kí ẹ tó tú u.

MGB àti Spitfire kò ní páwà sítíárìn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ yí sítíárìn. Bí ẹ bá fi sítíárìn oníínṣì 13 rọ́pò oníínṣì 16, ohun tí ẹ ń fi agbára kílò 10 yí tẹ́lẹ̀ á máa gbà ju 12 lọ, pàápàá níbi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀. Oníínṣì 14 ló dára jù lójú tiwa, bí kò bá ti bo gééjì ìsáré.

Ní Bìrìtéènì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún ti bọ́ lọ́wọ́ MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, láti 2018, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ó má sí ẹlòmíràn tí yóò yẹ iṣẹ́ yín wò. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ẹ tì í, ẹ fà á, kí ẹ wò ó bóyá rọ́bà bíréèkì ń há. Lẹ́yìn máìlì 50 àkọ́kọ́, ẹ tún fi tọ́ọ̀kì wírẹ́ǹṣì (spánà tó ń wọn agbára dídì) yẹ nọ́ọ̀tì àárín àti bóòtù jọ́ìntì wò, ní iye tí ìwé àtúnṣe kọ fún ọdún ọkọ̀ yín gan-an.