Bí Agbaṣẹ́ṣe Bá Fi Àtúnṣe Ilé Yín Sílẹ̀ ní Iléṣà

Bí agbaṣẹ́ṣe bá gba owó àtúnṣe ilé yín ní Iléṣà, tí ó sì pa iṣẹ́ náà tì, ẹ má ṣe sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí pé òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò fàyè gba kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni nítorí àìmú àdéhùn ṣẹ nìkan. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ onílé ni kò mọ èyí.

Ẹ̀rí ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jọ. Bí ẹ kò bá kọ àdéhùn sílẹ̀, ẹ wá rìsíìtì, àkọsílẹ̀ báńkì àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp, nítorí pé Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 fàyè gba irú wọn bí ẹ bá tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ògiri tó sán àti òrùlé tó ń jò kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kàn wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí bíríkìlà mìíràn kọ iye tí àtúnṣe yóò ná yín sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí agbaṣẹ́ṣe náà, kí ẹ sì dá ọjọ́ fún un. Bí kò bá dáhùn, ẹ wá agbẹjọ́rò tí yóò gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Agbaṣẹ́ṣe tí onílé jẹ lówó náà lè gba ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lọ yọ ilẹ̀kùn tí ó ti gbé kọ́.