Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba fúláàtì tuntun níbi tí kò sí bọ́ọ̀sì

Ilé tuntun dùn ún wò, ọ̀dà ń dán, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọkàn yín ti kó wọbẹ̀. Ẹ rọra o. Ilé tẹ́nì kankan ò tíì gbé rí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń jò.

Kẹ́ ẹ tó wo yàrá rárá, ẹ wa mọ́tò láti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ yín láàárọ̀ Mọ́ńdè, kì í ṣe ọ̀sán Sátidé tí èjẹ́ǹtì máa ń fẹ́ mú yín lọ, kẹ́ ẹ tún padà lọ lálẹ́ kẹ́ ẹ wò ó bóyá iná wà lójú títì. Owó epo, táyà àti mẹkáníìkì, inú owó ilé ló wà, ẹ ṣírò ẹ̀ mọ́ ọn, torí oògùn orí fífọ́ lásán, ẹ máa wa mọ́tò jáde kẹ́ ẹ tó rà á. Ibi páàkì ńkọ́? Mọ́tò mélòó ló gbà yín láyè, ṣé ẹ máa sanwó ẹ̀ lọ́tọ̀? Kó wà nínú àgírímẹ́ǹtì. "Ẹ má yọnu, àyè pọ̀" kì í ṣe àgírímẹ́ǹtì, ìgbà tí fúláàtì tó kù bá kún lojú máa là.

Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ má tijú: ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ síǹkì, ẹ mú ṣájà dání kẹ́ ẹ fi dán gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì wò, kẹ́ ẹ pe èèyàn láti yàrá kọ̀ọ̀kan torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìlà tín-ín-rín bí irun lára ògiri ò bani lẹ́rù, gbígbẹ ló ń gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ̀, tó ti igun fèrèsé dagẹ̀rẹ̀ lọ, ẹ bèèrè. Omi ṣì máa ń wà nínú ògiri tuntun fóṣù mélòó kan, torí náà ẹ máa ṣí fèrèsé, ẹ má sì ti wọ́dúróòbù mọ́ ògiri gbágbá kó má lọ bu.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tó ti bàjẹ́ tàbí tó ti ya kẹ́rù tó wọlé, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú mítà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sónílé lọ́jọ́ náà gan-an. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó máa tún nǹkan ṣe, òun àbí àwọn tó kọ́lé, torí wọ́n máa ń tì í síra wọn lọ́rùn ni. Èmi ò bèèrè nígbà tèmi, oṣù méjì ni mo fi ń gbé àga ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀.