Àwọn àṣìṣe tó ń pa ọ̀dọ́ igi eléso ní ẹ̀yìnkùlé wa

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Iléṣà, àwọn tó ń ta ọ̀dọ́ igi á ti tò wọ́n sí ẹ̀bá títì: ọsàn, ọsàn wẹ́wẹ́, gúáfà, píà, àgbálùmọ̀. Àwọn èèyàn á rà á, wọ́n á sì gbìn ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi máa dé, púpọ̀ nínú wọn á ti gbẹ, onílé á ní ilẹ̀ òun kò gba ọsàn. Ilẹ̀ kọ́. Bí a ṣe gbìn ín ni.

Ẹ má ṣe bá òjò oṣù kẹta kánjú. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó tún lọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná, láti ìparí oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà. Oṣù kẹwàá ti pẹ́ jù, àfi ẹni tó ní kànga tó sì ṣe tán láti máa pọn omi.

Èyí tó ń dùn mí jù ni rírì tí a ń rì í wọlẹ̀ jù, nítorí kí atẹ́gùn má baà gbé e ṣubú. Ọ̀pọ̀ ọsàn tí wọ́n ń tà, wọ́n lọ́ ọ ni: ojú ọsàn dídùn ni wọ́n lọ́ mọ́ ìdí ọsàn kíkan tí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára. Ẹ wo ara igi náà dáadáa, ẹ ó rí ibi tó wú tàbí tó tẹ̀ díẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Ibi tí iyẹ̀pẹ̀ dé lára igi nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á ni kó dé nínú ilẹ̀, kí igi náà tiẹ̀ ga díẹ̀, torí iyẹ̀pẹ̀ tuntun máa ń rọlẹ̀.

A bá ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìrójò hú ọsàn rẹ̀ tó kú. Èèpo ìdí rẹ̀ ti dúdú, ó ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó sì ń rùn. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì ká roboto bó ṣe wà nínú ọ̀rá, kò sí ọ̀kan tó nà síta. Omi dúró nísàlẹ̀ ihò náà. Ilẹ̀ pupa tiwa yìí, pàápàá lọ́nà Ìtagúnmodì, amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ọkọ́ bá ti dán ẹ̀gbẹ́ ihò, ó di ìkòkò. Nítorí náà, ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, tó sì jìn bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi àdá ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ya ilẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀, òun ni kó lọ síbi gbòǹgbò. Ẹ ya ọ̀rá kúrò pátápátá, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ gé gbòǹgbò tó ti ká.

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù a máa jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ fún oṣù méjì sí mẹ́ta, títí tí kò fi ní gbóná mọ́. Ajílẹ̀ òyìnbó kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú ihò. Nígbà tí ewé tuntun bá yọ ni kí ẹ wọ́n díẹ̀ yí i ká, kó jìnnà sí ìdí.

Koríko gbígbẹ dára láti bo ilẹ̀, àmọ́ kó má kan ìdí igi, torí ikán.

Omi ife kan lójoojúmọ́ kò ṣe é lóore, òkè ni gbòǹgbò á máa wá a sí. Lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, garawa kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sàn jù.

Ẹ fi mítà 6 sáàárín ọsàn kan sí èkejì. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ sókàwéè.

Ẹ̀ka tó bá hù nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti lọ́ igi, ẹ gé e kúrò, bó ti wù kó tutù yọ̀yọ̀. Ọsàn kíkan ló fẹ́ gba ilé yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé lọ́jọ́ tí ẹ bá gbìn ín gan-an ni kí ẹ fi oparun ṣe ọgbà yí i ká. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́ kọjá ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ, ohun tó máa rú jáde kì í ṣe ọsàn tí ẹ rà mọ́. Ẹ hú u, kí ẹ gbin òmíràn.