Kọ́kọ́rọ́ prójẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ wà lápò ẹnìkan: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú open source

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọkùnrin kan gbé lápútọ́ọ̀pù ẹ̀ wá bá mi ní Òkèṣà, ní Adó-Èkìtì níbí. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta ń ṣe áàpù kékeré kan tí àgbẹ̀ lè fi ṣírò ajílẹ̀, kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá wù lè mú un lò (open source nìyẹn), ohun tó dáa ni. Àmọ́ kí wọ́n tó kọ kóòdù tó nítumọ̀ rárá wọ́n ti dáwó jọ, wọ́n ti ra hosting ọdún mẹ́ta (àyè tí sáìtì ń gbé), wọ́n san owó SSL (ààbò sáìtì) lọ́tọ̀, wọ́n tún sanwó fún ẹnìkan tó bá wọn gbé WordPress (sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe sáìtì) sí i, gbogbo ohun tó sì wà lórí sáìtì yẹn ò ju ojú ewé mẹ́rin lọ. Ọmọ iléèwé ni wọ́n o. Owó oúnjẹ ni wọ́n kó síbẹ̀. Inú bí mi, kì í ṣe sí òun, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lọ́dún yìí tí mo máa rí irú ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wọn.

Èmi náà wà lára àwọn tó ń tọ́jú àkójọ ọ̀rọ̀ Èkìtì kan tá a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n lè fi tẹ àmì, torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Mo gbà pé ẹ ti mọ git tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà kóòdù, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ pull request, ìyẹn àyípadà tẹ́nìkan ní kẹ́ ẹ gbà wọlé, mi ò ní padà sí a, b, d.

1. Ẹ má fowó ra ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Let's Encrypt ti ń fún gbogbo ayé ní certificate, ìyẹn ìwé ẹ̀rí SSL yẹn, lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2015, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ̀ ń sanwó fún. Kì í lò ju 90 ọjọ́ lọ, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa tún un gbà fúnra ẹ̀, ẹ má sì dúró de íméèlì ìránnilétí, wọn ò fi í ránṣẹ́ mọ́ láti 2025. Tí ojú ewé yín ò bá nílò database tó ń tọ́jú ìsọfúnni, GitHub Pages, ti GitHub tí wọ́n ń kó kóòdù sí, máa gbé e fún yín láìgba kọ́bọ̀, àyè tó tó 1 GB ni wọ́n fún yín, bẹ́ẹ̀ tiwa tòun ti gbogbo àwòrán ò tó 20 MB. Owó kan ṣoṣo tó yẹ kó máa jáde lápò yín lọ́dọọdún ni ti domain, ìyẹn orúkọ sáìtì yín. Kì í ṣe pé WordPress burú o, àmọ́ ẹni tó bá gbé e wálé ti gba ọmọ tó ń fẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́, tónìí plugin yìí (àfikún iṣẹ́), tọ̀la theme yẹn (ìrísí sáìtì). Ẹgbẹ́ kan ní kí n bá àwọn wo tiwọn nígbà kan, mo ṣí i, tẹ́tẹ́ ló ń polówó! Ara plugin tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn fún ọdún méjì làwọn olè gbà wọlé.

2. Kóòdù tí ò ní license (ìwé àṣẹ ìlò) kì í ṣe open source, bó ti wù kó wà ní gbangba tó, torí òfin sọ pé ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín, ẹlòmíì ò láṣẹ láti lò ó. Ẹ fi fáìlì LICENSE sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, MIT ni o, GPL ni o, ó parí.

3. Pásíwọ́ọ̀dù tó bá ti wọ git, pípa tẹ́ ẹ pa á rẹ́ nínú commit (àyípadà tẹ́ ẹ fi pamọ́) tó tẹ̀lé e ò ní ká má rí i nínú ìtàn ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

4. Kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ohunkóhun tí wọ́n fi ń wọ prójẹ́ẹ̀tì: domain, íméèlì, pásíwọ́ọ̀dù. Ibí yìí ni mò ń bọ̀ látàárọ̀.

Mo bi ọmọkùnrin yẹn pé orúkọ ta ni domain wọn wà. Ó wojú mi, ó ní, "Bọ̀dá, ẹni tó bá wa ṣe WordPress ló rà á, íméèlì ẹ̀ ló fi rà á." Àyà mi já, torí ohun tójú àwa náà rí gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ tá a bẹ̀rẹ̀ àkójọ ọ̀rọ̀ wa, ọ̀kan nínú wa ló yọ káàdì ẹ̀ jáde, ó ra domain, ó fi íméèlì tí iléèwé ẹ̀ fún un forúkọ sílẹ̀. Ọmọlúàbí ni o, kò béèrè owó ẹ̀ padà, gbogbo wa la dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó parí ẹ̀kọ́, iléèwé ti íméèlì yẹn pa. Ó lọ sí Kánádà, káàdì ẹ̀ ti ibí kú. Gbogbo ìwé tí wọ́n fi ń rán an létí pé owó domain ti tó san, inú àpótí tẹ́nikẹ́ni ò lè ṣí mọ́ ló ń já sí. Àwa tá a wà nílé, kóòdù là ń kọ, ọ̀rọ̀ là ń kó jọ, a ò tiẹ̀ mọ ọjọ́ tó máa tán.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, tíṣà kan pè mí láti Ìkẹ́rẹ́. Iwájú àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ló dúró sí, mò ń gbọ́ ariwo wọn lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú ewé yín ò ṣí o, ìpolówó ló ń gbé jáde." Mo ní kó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí mi létí bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, ó dákẹ́. Mo gbọ́ tó sọ fáwọn ọmọ yẹn pé kí wọ́n kó ìwé wọn jáde. Títí di òní mo ṣì ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Fún ẹni tí ò mọ̀, bó ṣe máa ń rí fún .com nìyí tówó bá tán lórí ẹ̀: registrar, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń ta domain, lè fún yín láyè díẹ̀, kì í ju 45 ọjọ́ lọ, tẹ́ ẹ ṣì lè san iye tẹ́ ẹ máa ń san. Tíyẹn bá kọjá, 30 ọjọ́ míì wà tẹ́ ẹ lè fi rà á padà, àmọ́ owó gọbọi ni wọ́n máa gbà lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 5 péré, ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ mú un. Tiwa ti wọ inú 30 ọjọ́ yẹn ká tó mọ̀. Iṣẹ́ òru lẹni wa ń ṣe ní Kánádà, tá a bá jí òun ń sùn, tóun bá jí àwa ti sùn, registrar wá ní kó fi íméèlì tó ti kú yẹn fi hàn pé òun lòun ni ín. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi ń bá a fà á. Owó tá a san lé ní ìlọ́po méje owó ọdún kan, àwọn kan lára wa lọ yá tiwọn ni. Mi ò bínú sẹ́ni tó rà á o, gbogbo wa la jọ jẹ̀bi, torí a jẹ́ kí oore tí ẹnìkan ṣe wá di ọ̀nà kan ṣoṣo tá a ní.

Torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣí íméèlì tó jẹ́ ti prójẹ́ẹ̀tì, kó jẹ́ pé ó kéré tán èèyàn mẹ́ta ló lè wọ̀ ọ́, òun ni kẹ́ ẹ fi ra domain. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa tán sínú README, fáìlì àkọ́kọ́ táwọn èèyàn máa ń kà, níbi tójú gbogbo ayé ti máa tó o, ẹlòmíì tó kàn ń kọjá lè ràn yín létí. Tẹ́ ẹ bá rówó, ẹ san ti ọdún mélòó kan sílẹ̀, .com máa ń gbà tó ọdún 10. Lórí GitHub, ẹ má jẹ́ kí kóòdù wà lábẹ́ orúkọ ẹnìkan, ẹ dá organisation (àkáǹtì ẹgbẹ́) sílẹ̀, kó ní owner (ẹni tó láṣẹ lórí ẹ̀) méjì ó kéré tán. Láti 2023 ni GitHub ti ń fi dandan lé two-factor, ẹ̀rí kejì yàtọ̀ sí pásíwọ́ọ̀dù, fáwọn tó ń kọ kóòdù síbẹ̀, àwọn kan á wá gbé e sórí fóònù kan ṣoṣo, fóònù á jábọ́ sínú omi, ó tán. Recovery code tí wọ́n fún yín láti fi wọlé tí fóònù bá sọnù, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Tiwa wà nílé èèyàn méjì, ọ̀kan ní Ajílọ́sun, ọ̀kan ní Ìfàkì.

Àmọ́ kì í ṣe ẹni tó bá kàn yọjú lẹ máa kó kọ́kọ́rọ́ fún o. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ xz, sọ́fítíwíà tó ń sọ fáìlì di kékeré, ní oṣù kẹta 2024. Ẹnìkan fi ohun tó lé lọ́dún méjì ran ẹni tó ń tọ́jú sọ́fítíwíà yẹn lọ́wọ́, àwọn míì ń da ọ̀rọ̀ bo ẹni tó ti rẹ̀ yẹn pé kó yọ̀ǹda iṣẹ́ fún ẹlòmíì, nígbà tí wọ́n gbé e fún un tán ló ri ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́ inú ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà, rí i ni pé wíwọ ssh, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíì, ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ní bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ká ní ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ò dá wà látilẹ̀ ni, bóyá wọn ò bá má rí i tì ṣubú bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ tètè wá ẹni kejì, nígbà tára yín ṣì le, tẹ́ ẹ ṣì lè fara balẹ̀ wo ìwà ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ńkọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí èdè wa. Ẹ wo "ọ" yìí. Ẹnìkan á tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, U+1ECD, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo ayé. Ẹlòmíì á tẹ "o" á wá fi àmì ìsàlẹ̀ U+0323 sí i. Ẹnìkẹta á fi ìlà kékeré U+0329 sí i dípò. Lójú yín ọ̀kan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni. Ìyá kan ní Ìjerò wá "ọkọ̀" títí nínú àkójọ wa, ó ní kò sí, ó sì wà níbẹ̀ gbagidi. Ẹ fi NFC, ọ̀nà Unicode láti so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì ẹ̀, fọ gbogbo ohun tó bá ń wọlé, ìyẹn á sọ méjì àkọ́kọ́ di ọ̀kan, àmọ́ kò ní fọwọ́ kan ẹ̀kẹta, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ìlà kóòdù tó máa pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ lè sá fún àmì tó dá dúró pátápátá o, "ẹ́" ò ní kóòdù tiẹ̀ nínú Unicode.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ kọ òfin yín sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í ṣe ará ibí fi òpin ọ̀sẹ̀ ẹ̀ "tún" ọ̀rọ̀ wa ṣe, gbogbo "ulé" ló sọ di "ilé", gbogbo "uṣu" ló sọ di "iṣu", ó kó o wá nínú pull request kan ṣoṣo, inú ẹ̀ ń dùn. Ó rò pé àṣìtẹ̀ ni. Àwa la ṣẹ̀ ẹ́, torí kò síbi tá a kọ ọ́ sí pé bí wọ́n ṣe ń pè é l'Ékìtì là ń kọ. Mo kọ̀wé sí i, mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé, kò padà wá mọ́, ó sì ń dùn mí. Fáìlì CONTRIBUTING wa, tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń bá wa ṣiṣẹ́, ti ní ìlà yẹn lókè pátápátá báyìí, ìkejì ẹ̀ ni pé kẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe àyípadà ńlá kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fẹjọ́ bug (àṣìṣe inú áàpù) sùn náà, "kò ṣiṣẹ́" nìkan ò tó. Irú fóònù wo, version wo, kí lẹ tẹ̀, kí ló gbé jáde? Ẹ da ọ̀rọ̀ tó gbé jáde kọ, ẹ má ya fọ́tò ẹ̀.

Èmi àti ọmọkùnrin Òkèṣà yẹn jọ kó ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí GitHub Pages nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò gbà wá tó wákàtí méjì. Owó hosting ti lọ ní tiẹ̀. A pe ẹni tó ra domain, ó gbà pé òun máa fi auth code tí wọ́n fi ń gbé domain kúrò ránṣẹ́, àmọ́ kò tíì pé 60 ọjọ́ tó rà á, wọn kì í sábà jẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ registrar kan bọ́ sí òmíì kó tó pé bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ti ka ọjọ́ ẹ̀, ó ti kọ ọ́ sókè README wọn, orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lábẹ́ ẹ̀.