Bí A Ṣe Ń Lo Ọ̀rọ̀ náà "Yà"

Aládùúgbò mi kan ní Àkúrẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi láìfi àmì ohùn kankan sí i: "Mo ya iwe yin." Inú bí mi, nítorí mo rò pé ó ti fà á ya ni, àṣé ó kàn yá a láti kà ni. Ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí.

"Yà" olóhùn ìsàlẹ̀ ni kí nǹkan kúrò lára òmíràn, tàbí kí ó fi ojú ọ̀nà tí ó ń tọ̀ sílẹ̀. Lẹ́bàá Ọjà Ọba, "yà sí ọ̀tún" ni ẹ ó sọ fún ọlọ́kadà, bí ẹ bá sì dúró lọ́nà kí ẹ kí ìyá àgbà kan, ẹ yà kí i nìyẹn. Bákan náà ni Èkìtì ṣe yà kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, lẹ́yìn ogún ọdún tí wọ́n ti jọ wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń ṣìṣe ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá ní àbọ̀, ìyẹn ẹni tàbí nǹkan tí a yà. Bí àbọ̀ náà bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn ìsàlẹ̀ a di ohùn àárín: àgbẹ̀ tí ó ń sá kòkó ní Ìdànrè yóò ní òun "ya kòkó tí ó bu sọ́tọ̀", ṣùgbọ́n bí ó bá fi arọ́pò-orúkọ dípò kòkó, "mo yà á sọ́tọ̀" ni yóò wí, ohùn ìsàlẹ̀ a sì padà sí àyè rẹ̀. Nítorí èyí, "mo ya ìwé náà" nìkan yóò dún bí ẹni tí ó fa ìwé ya. Ẹ má ṣe yọ "sọ́tọ̀" kúrò níbẹ̀.

Ìpàdé kì í yà, ńṣe ni ó ń túká. Àwọn tí wọ́n ń jà, ńṣe ni a ń là wọ́n. Àwọn tí wọ́n ti jọ ń rìn ni wọ́n ń pínyà, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́ tàbí tọkọtaya. Ti "kọ ara wọn sílẹ̀" jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó lè dé kóòtù. Ní tèmi, n kì í kọ "wọ́n ti yà" nípa tọkọtaya, kí òǹkàwé má baà rò pé wọ́n kàn yà sílé ẹnì kan lọ́nà ni.