Owó Tí Ẹ Ń Ná Sórí Síkáòtù Inú Ilé, Àṣedànù Ni Púpọ̀ Nínú Rẹ̀

Ẹ dákun, kí ẹ tó sanwó fún ohunkóhun nítorí pé ọmọ yín fẹ́ máa ṣe Síkáòtù láti ilé, ẹ ka èyí ná. Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo wa mọ́lé ní 2020 ni mo ti ń bá àwọn ọmọ ṣe ìpàdé lórí Zoom, ohun tí ojú mi sì ń rí ti sú mi. Ẹrù tuntun á yí ọmọ ká, síbẹ̀ kò ní lè ta kókó kan ṣoṣo. N kò ní máa ṣàlàyé ìlérí Síkáòtù fún yín, tàbí ìdí tí a fi ń fi ọwọ́ òsì bọwọ́. Ẹ ti mọ ìyẹn. Owó tó ń jóná ni mo bá wá.

1. Ríra yunifọ́ọ̀mù kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ síkáàfù tirẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́ kí ẹ tó yọwó.

2. Ríra báàjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí kò ṣiṣẹ́ báàjì kì í lẹ báàjì. Ó parí.

3. Sísan owó fún “ilé-ẹ̀kọ́ Síkáòtù” tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹgbẹ́ Síkáòtù orílẹ̀-èdè yín ni kí ẹ kọ̀wé sí, àwọn ni yóò sọ ẹni tó ń gba ọmọ láti ọ̀nà jíjìn. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi wúrà yí létí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìmeèlì yín, n kò tíì rí olórí ẹgbẹ́ tó kà á sí.

4. Okùn. Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Nílé mi, wọn kì í dá ọ̀rọ̀ okùn sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n ní n kì í mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́.

Èwo ni ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláràbarà tí gbogbo yín ń rà yìí? Ó ń yọ̀, kò nípọn ju okùn bàtà lọ, bí ọmọ bá sì gbé e sí kámẹ́rà, ìka rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Okùn méjì ni ọmọ nílò. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó ìka ọwọ́ tó kéré jù, kó gùn tó mítà 2, kí àwọ̀ wọn sì yàtọ̀ síra. Bí okùn tí ẹ fi ń sá aṣọ tẹ́lẹ̀ bá wà nílé, ẹ gé e sí méjì, kí ẹ pa ọ̀kan láró. Ọjà ti parí nìyẹn. Nígbà tí àwọ̀ bá yàtọ̀, mo lè ní, “Fi pupa kọjá lábẹ́ funfun,” kó sì yé ọmọ. Bí wọ́n bá jẹ́ àwọ̀ kan náà, “fi èyí kọjá lábẹ́ ìyẹn” la ó máa sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ á kọjú sí kámẹ́rà, ẹ á ta reef knot (ọ̀tún lé òsì, lẹ́yìn náà òsì lé ọ̀tún) níwájú àyà yín, ẹ á ní kí ọmọ ṣe bí ẹ ti ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún yín, apá òsì ni ọmọ ti ń rí i. Ní ìdajì àkọ́kọ́, ó wo ọwọ́ yín, ó fi òsì lé ọ̀tún. Ní ìdajì kejì, ó gbọ́ tí ẹ ní “òsì lé ọ̀tún”, ó tún fi òsì lé ọ̀tún. Granny ló ta yẹn, kókó tó ń yọ̀ nígbà tí èèyàn gbójú lé e. Ẹ wo ìdí okùn méjèèjì: bí wọ́n bá yọ sí ẹ̀gbẹ́ dípò kí wọ́n sùn ti okùn, granny ni. Ẹ wá ń bá ọmọ wí pé kò fetí sílẹ̀! Ẹ to ìwé jọ, ẹ gbé fóònù lé e lórí kí ẹnu kámẹ́rà yọ síta, kó máa wo ọwọ́ yín láti òkè, láti ibi tí ojú ẹ̀yin fúnra yín ti ń wò ó. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Reef knot yẹn náà, báńdéèjì àti ẹrù kékeré la fi ń dì. Bí okùn kan bá nípọn ju èkejì, sheet bend la fi ń so wọ́n pọ̀.

Òbí tó ń bá ọmọ ta kókó ńkọ́? Nínú ìpàdé kan, ọwọ́ kan yọ láti abẹ́ tábìlì, òrùka ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ó rọra gba okùn, ó ta bowline tó gún régé, ó sì wọlé padà. Kókó tó dára jù lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kí n fún ọwọ́ náà ní báàjì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bà á jẹ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ tún ń kó 30 ọmọ sójú ẹ̀rọ kan, ẹ pa ohùn wọn, ẹ wá ń wàásù fún wákàtí méjì. Ní erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1907, nǹkan bí 20 ọmọ ni Baden-Powell, ẹni tó dá Síkáòtù sílẹ̀, kó lọ, síbẹ̀ ó pín wọn sí pátírólù 4, ìyẹn ẹgbẹ́ kéékèèké. Zoom ní yàrá kéékèèké. Ẹ pín wọn, kí ọmọ kan jẹ́ olórí yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fún wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n á lọ ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti kú. Kò sí ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́ àwọn ọmọ oko tí William Boyce dá ẹgbẹ́ Lone Scouts sílẹ̀ fún ní Amẹ́ríkà ní 1915. Ìwé ni wọ́n ń kọ síra wọn, iṣẹ́ Síkáòtù sì ń lọ títí wọ́n fi dà wọ́n pọ̀ mọ́ Boy Scouts of America ní 1924.

Àgbàlagbà kan àti ọmọ kan nínú ìpàdé tàbí ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ìkọ̀kọ̀: rárá. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ fún un, ẹ fura sí i.

Ẹ má dá iná èédú nínú yàrá nítorí pé ẹ ń ṣe “ìpàgọ́ inú ilé”. Èéfín tí a kò lè gbóòórùn rẹ̀ ń pa èèyàn. Bẹ́ẹ̀díìtì lórí àga mẹ́rin ti tó àgọ́.

Ẹ má sì ra rédíò tó ń gbé ohùn jáde nítorí JOTA, ìpàdé àwọn Síkáòtù àgbáyé lórí rédíò. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹni tó ní ìwé àṣẹ ló sì ń jókòó ti ẹ̀rọ. Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. JOTI, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, inú oṣù kẹwàá ni àwọn méjèèjì ń bọ́ sí pọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní òun ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún yín, ẹ pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́.